Inú fọ́múlà ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí èsì Wáẹ́kì bá ti jáde, ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí ní Àkúrẹ́ níbí ni pé ọmọ àwọn ò mọ ìṣirò, ìyẹn ni kẹ́mísírì fi ṣòro fún un. N kò gbà. Ìṣirò mólù kò ju ìsọdipúpọ̀ àti pínpín tí ọmọ ti mọ̀ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Kíkà fọ́múlà, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń sọ ohun tó para pọ̀ di nǹkan, ni ọ̀pọ̀ wọn kò kọ́ dáadáa.

Iye ẹyọ tíntìntín inú nǹkan (átọ́mù tàbí mólékù) ni mólù: 6.02 × 10²³. Ọgbọ̀n ẹyin adìẹ àti ọgbọ̀n ẹyin àparò, iye kan náà ni, àmọ́ síkélì kò ní sọ ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni mólù kan kábọ̀n ṣe jẹ́ gíráàmù 12, tí mólù kan irin jẹ́ 56.

Ẹ wá wo Ca(OH)₂, níbi tí mólù kan Ca ti jẹ́ gíráàmù 40, ti O jẹ́ 16, ti H jẹ́ 1. 2 tó wà lẹ́yìn àkámọ́ ń bá O àti H wí, àwọn méjèèjì. Ọmọ tó ń kánjú á kọ 40 + 16 + 2, á ní 58, nígbà tó jẹ́ 40 + 2(16 + 1), ìyẹn 74. Bí ìbéèrè bá ní gáàsì klórínì, á mú 35.5 nítorí ohun tó rí fún Cl lára àtẹ àwọn ẹ́límẹ́ǹtì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Cl₂ ni gáàsì náà, 71. Nọ́ńbà iwájú 2NaOH kò sì kan ìwọ̀n mólù rárá. 40 náà ni.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àmì kékeré tó wà láàárín Na₂CO₃·10H₂O, kírísítà sódà tó ní omi nínú. Wọ́n á kà á sí ìsọdipúpọ̀, wọ́n á fi 180 sọ 106 di púpọ̀! Ìròpọ̀ ni: sódà (Na₂CO₃) 106 + omi 180 = 286.

Àṣìṣe yìí kì í dúró lórí ìwé. Ká ní olùkọ́ fẹ́ po omi sódà 250 cm³ tó jẹ́ mólù 0.05 nínú dm³ (lítà) kan. 250 cm³ á kọ́kọ́ di 0.25 dm³, 0.05 × 0.25 jẹ́ mólù 0.0125. Bí sódà inú ìgò bá jẹ́ èyí tí kò lómi nínú, gíráàmù 1.325 ni á wọ̀n. Bó bá jẹ́ kírísítà olómi, 3.575. Ẹni tó bá wọ̀n 1.325 láti inú ìgò kírísítà, omi ló pọ̀jù nínú ohun tó wọ̀n. Omi sódà rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi mólù 0.0185 nínú dm³ kan lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ bá fi pípẹ́ẹ̀tì fa 25 cm³ rẹ̀, tí wọ́n ń ro ásíìdì HCl 0.1 sí i láti inú bùrẹ́ẹ̀tì (gíláàsì gígùn tó ń fi iye tó jáde hàn), àwọ̀ tó ń sọ pé ásíìdì ti tó á ti yí ní nǹkan bíi 9.3 cm³ dípò 25. Gbogbo kíláàsì á wá máa rò pé ọwọ́ àwọn ni kò dára.

Ojú ọjọ́ wa náà ń dá sí i. Bí ìdérí ìgò kò bá le, ọyẹ́ á fa omi inú kírísítà náà, á di ẹ̀tù funfun. Gíráàmù 3.575 ẹ̀tù yìí ní sódà ju bó ṣe yẹ lọ, bùrẹ́ẹ̀tì á sì kọjá 25. Ti NaOH, kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀, yàtọ̀: nígbà òjò, ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́ lórí síkélì níbẹ̀ gan-an. Kí ẹ yára wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì dé ìgò padà.

Bí kírísítà bá ti ń di ẹ̀tù, 286 kò bá a mu mọ́, 106 náà kò tíì bá a mu, torí omi díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. Ẹ kó o sínú àwo tanganran, ẹ gbé e sórí iná díẹ̀díẹ̀. Á kọ́kọ́ yọ́ sínú omi ara rẹ̀, bí iná bá sì pọ̀, á máa ta síni lára. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú ohun tí a dé pa, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún gbé e padà síná, títí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀mejì tó tẹ̀ léra á fi dọ́gba. Ìgbà náà ni ẹ tó lè fi 106 ṣírò ó.

Olùkọ́ kẹ́mísírì kan,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.