Ìkéde: Ìpàdé Sátidé àti Ọ̀rọ̀ Berkshire

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ìdókòwò wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ìpàdé wa. Lẹ́yìn owó oṣù, a ó padà sórí ìbéèrè tó fa ariwo lọ́jọ́sí: bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lábẹ́, ta ni ká dì mú nítorí èéfín wọn?

Berkshire Hathaway, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, la máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Òṣìṣẹ́ tó wà ní olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Omaha, Amẹ́ríkà, ò tó 30. Àwọn tó kù káàkiri lé ní 350,000. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀ ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká tirẹ̀: BNSF tó ń fi rélùwéè kẹ́rù ń rí sí dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀ka iná mànàmáná ń rí sí èédú. Ní 2021, àwọn onípìn-ín kan ní kí olú ilé-iṣẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìròyìn kan. Ìgbìmọ̀ olùdarí ò gbà. Nígbà tí wọ́n dìbò, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló gbè é; Warren Buffett, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Berkshire nígbà náà, fúnra rẹ̀ sì ní ìbò rẹpẹtẹ lọ́wọ́.

Lójú tèmi, òótọ́ ni pé ará Omaha kọ́ ló ń da dísẹ́ẹ̀lì sínú rélùwéè. Ṣùgbọ́n Berkshire lodindi ni èèyàn ń ra ìpín rẹ̀. Ibo ló ti fẹ́ rí àròpọ̀ èéfín náà? Alága ẹgbẹ́ wa ò gbà pẹ̀lú mi o. Ẹ máa gbọ́ tirẹ̀.

Ẹni tó yá ìròyìn ọdọọdún Berkshire tí mo tẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un bọ̀. Ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ mi, epo àkàrà ti kán sójú ewé tí a nílò jù.

Akọ̀wé