Kóòtù nìkan kọ́ ni tọkisídò

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Aránṣọ ọkùnrin ni mí ní Ìbàdàn, ojú ìwé oge yín sì wà lára àwọn tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni àwòrán àwọn ọkọ ìyàwó tí ẹ máa ń gbé jáde, tí ẹ máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ pé tọkisídò, aṣọ àríyá alẹ́ àwọn òyìnbó, ni wọ́n wọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán náà, kóòtù nìkan ni tọkisídò. Ohun tó kù lára wọn, ti súùtù ọ́fíìsì ni.

Mo mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí mi. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ó lọ yá tọkisídò lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù, dúdú ni gbogbo rẹ̀. Àfi ìgbà tí a dé gbọ̀ngán, tí wọ́n tan iná ńláńlá sí wa lórí, ni a rí i pé kóòtù dúdú bí kóró iṣin, ṣùgbọ́n ṣòkòtò pọ́n rúsúrúsú. Bẹ́líìtì olójú irin ló fi di ìdí, táì gígùn ló so mọ́rùn, nígbà tó sì gbọ́wọ́ sókè láti jó, ṣẹ́ẹ̀tì funfun yọ lábẹ́ bọ́tìnnì kóòtù bí ahọ́n. Ó dùn mí gan-an, nítorí owó tó ná kò kéré, ọmọ náà kò sì mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Ilé ìránṣọ Henry Poole ní òpópónà Savile Row, ní London, ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ rán irú kóòtù yìí ní 1865 fún ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó padà di Edward Keje, kí ó lè máa fi jẹun alẹ́ nínú ilé rẹ̀ láìwọ kóòtù onírù gígùn tí àwọn ọlọ́lá ń wọ̀ nígbà náà. Orúkọ tí a ń pè é wá láti Tuxedo Park ní ìpínlẹ̀ New York, ibi tí àwọn olówó Amẹ́ríkà tẹ̀ dó ní 1886. Aṣọ alẹ́ ni, ìdí sì nìyí tí àwọn tó ni ín kì í fi í wọ̀ ọ́ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láago mẹ́wàá àárọ̀, kí ó wọ súùtù rẹ̀ lọ, kí ó fi tọkisídò pamọ́ de àríyá alẹ́.

Ohun tí èmi aránṣọ rí nínú aṣọ yìí ni pé gbogbo ibi tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti lè hàn síta ni wọ́n wá nǹkan fi bò. Wọ́n fi ṣẹ́dà dídán bo ojú kọ́là. Wọ́n fi ọ̀já ṣẹ́dà tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rírán ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ṣòkòtò náà kì í ní ihò bẹ́líìtì rárá, okùn tí a gbé kọ́ èjìká lábẹ́ kóòtù ló ń gbé e dúró. Ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì ti bọ́ sínú ṣòkòtò, ìgbàjá ṣẹ́dà ló ń bò ó, èyí tí àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì mú wá láti Íńdíà; orúkọ tí wọ́n ń pè é, cummerbund, ọ̀rọ̀ àwọn ará Páṣíà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ìgbàdí tiwa. Ìṣẹ́po rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìgbàjá lè fi wẹ́sìkóòtù ọlọ́rùn jíjìn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wà láìsí ọ̀kan nínú méjèèjì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ahọ́n funfun ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti yọ.

Ṣẹ́ẹ̀tì ní láti funfun, kí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́po méjì tí a ń fi kọ́fílíǹkì, ìyẹn bọ́tìnnì tó ṣeé yọ, dè. Bótáì dúdú, táì kúkúrú tó rí bí labalábá, ni ti ọrùn, kí a sì fi ọwọ́ so ó. Etí rẹ̀ kan a máa ga ju èkejì lọ díẹ̀, ẹwà rẹ̀ sì nìyẹn. Bàtà dúdú tó ń dán àti ìbọ̀sẹ̀ dúdú gígùn ló kù.

Ní ti àwọ̀, búlúù tó ṣú bí òru dára púpọ̀, nítorí lábẹ́ iná ó máa ń dúdú ju dúdú fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ ẹtù àtijọ́ tí wọ́n rẹ sínú aró títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú yóò mọ ohun tí mo ń wí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí kóòtù àti ṣòkòtò ti inú ìgàn kan náà jáde. Ẹni tó bá ń yá a, kí ó gbé ọ̀kan lé èkejì, kí ó jáde sí ojú oòrùn, kí ó wò wọ́n dáadáa kó tó sanwó. Ta ni nínú wa tí yóò wọ agbádá ẹtù lé ṣòkòtò àǹkárá lọ gbéyàwó?

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gbé àwòrán tọkisídò jáde, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ èyí tó pé láti ọrùn dé ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Àbúrò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ti ń múra ìgbéyàwó. Ó ti gbé aṣọ wá fún mi, ṣòkòtò ni mo sì kọ́kọ́ gé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ kan, Ìbàdàn