Ẹ Wo Ibi Tí Àbá Ti Ń Sọnù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà bá ní kí ọmọ ẹgbẹ́ mú àbá wá lórí àtúntò ètò ìlera, ọ̀rọ̀ ìbò ló máa ń gba ẹnu gbogbo èèyàn: ìbò mélòó ni wọ́n dì, àbá wo ló gbégbá orókè. Ó dára kí ẹgbẹ́ máa gba àbá lọ́wọ́ wa, torí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n dókítà ni mí, mo sì wà nínú ẹgbẹ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ jáde ni pé kí ìbò tó dé rárá ni àwọn àbá tó dára jù ti máa ń sọnù. Ibi tí wọ́n ti ń dà wọ́n pọ̀ ni wọ́n ń sọnù sí.

Ká ní dókítà kan kọ̀wé pé: "Kí aláìsàn kankan má kúrò ní wọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé ìwé tó to oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì kọ èyí tí a ní kó má lò mọ́ síbẹ̀ gàdàgbà." Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó ti tọ́jú ìyá àgbà tí wọ́n pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ní ilé ìwòsàn, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún pé kó gbé ti àtijọ́ jù sílẹ̀, tó délé tó ń lo méjèèjì pọ̀, tí òòyì wá gbé ṣubú bó ṣe ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àbá yìí dé iwájú ìgbìmọ̀ kékeré. Wọ́n rí òmíràn lórí lẹ́tà tí kì í tètè dé, òmíràn lórí èsì àyẹ̀wò tó sọnù, òmíràn lórí dókítà tí kì í gbé fóònù. Wọ́n bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di gbólóhùn kan: "Kí ìbánisọ̀rọ̀ láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dára sí i." Ta ló máa dìbò ta ko ìyẹn? Gbogbo ọwọ́ ló máa lọ sókè. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kóun ṣe tó yàtọ̀ sí tàná.

Mi ò bú ìgbìmọ̀ o. Àbá máa ń pọ̀ ju ohun tí ìpàdé lè gbọ́ tán lọ, ó sì di dandan kí ẹnì kan ṣà wọ́n. Ní British Medical Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Bìrìtéènì tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1832, àwọn ẹ̀ka ló ń fi àbá ránṣẹ́ sí ìpàdé ọdọọdún àwọn aṣojú. Ìgbìmọ̀ kan ló ń kó àwọn tó jọra sójú kan, tó sì ń pinnu èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ní American Medical Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1847, ọmọ ẹgbẹ́ lè dìde sọ̀rọ̀ lórí àbá níwájú ìgbìmọ̀ kí ìgbìmọ̀ tó kọ ìròyìn pé kí àwọn aṣojú gbà á, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n kọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò sí i. Èyí wù mí, torí ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá gé àbá rẹ̀ kúrú lè dìde kó sọ pé ohun tóun wí kọ́ nìyẹn.

Ìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ náà kì í sọ gbogbo ohun tó wà nínú èèyàn. Ní oṣù kejì ọdún 1948, nígbà tí ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní NHS fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Bìrìtéènì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé dókítà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó dìbò ló ní àwọn ò fara mọ́ ọn. Ìbínú wọn hàn, ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò hàn. Nígbà tí Aneurin Bevan, mínísítà ètò ìlera, ṣèlérí pé wọn ò ní sọ àwọn dókítà di òṣìṣẹ́ olówó-oṣù láìṣe òfin tuntun, ọ̀pọ̀ rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún dìbò ní oṣù karùn-ún, iye àwọn tó ń takò ó ti dín kù gan-an, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje. Ẹ̀rù kan pàtó ló wà lábẹ́ "rárá" yẹn, ìwé ìdìbò ò sì láyè tí wọ́n lè kọ ọ́ sí.

Mo tún ń ro ti àwọn tó kéré níye. Bí a bá ka orí nìkan, àbá dókítà ìgbèríko tàbí ti oníṣègùn ọpọlọ kò ní dé òkè láé, bó ti wù kó wúlò tó. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde náà kò ní na ọwọ́ ta ko ọ̀gá tó máa buwọ́ lu ìwé rẹ̀ lọ́la. Ọ̀nà Delphi, tí wọ́n ti ń lò ní ilé ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1950, wúlò níbí: kálukú á fún àbá ní máàkì láìdárúkọ, á kọ ìdí rẹ̀, á wo máàkì àti ìdí àwọn yòókù, lẹ́yìn náà á tún máàkì náà fún. Nígbà mìíràn, ìdí kan ṣoṣo tí dókítà ìgbèríko kọ sílẹ̀ lè yí ọkàn ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá padà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má yọ aláìsàn sílẹ̀. Láti 2004 ni àjọ James Lind Alliance ní Bìrìtéènì ti ń kó aláìsàn, olùtọ́jú àti dókítà jókòó pọ̀ láti yan ìbéèrè mẹ́wàá tó yẹ kí ìwádìí kọ́kọ́ dáhùn. Ti ìwádìí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí a má ṣe irú rẹ̀ fún àtúntò.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ fún kò le. Kí wọ́n tó tún pe àbá, kí wọ́n tẹ orúkọ àwọn tó máa ṣà wọ́n jáde, àti òṣùwọ̀n tí wọ́n máa lò. Bí wọ́n bá da àbá pọ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe kọ ọ́ gan-an, kí wọ́n sì bi í bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí wọ́n ya èyí tí àwa fúnra wa lè ṣe ní wọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó máa dúró de ìjọba. Èyí tí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Dókítà kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín