Kí olùdíje tó ń sọ̀rọ̀ ìjọba tó ṣí sílẹ̀ fi lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ hàn wá

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwọn tó ń du ipò alága àti káńsẹ́lọ̀ ní Iléṣà kì í yé sọ pé ìjọba àwọn yóò ṣí sílẹ̀, yóò sì máa gbọ́ tará ìlú. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe kí ìbò tó dé, tí kò ní ná an ju owó ìwé àti owó ọkọ̀ lọ. Òun ló yẹ ká fi máa dán wọn wò.

Láti ọdún 2011 ni òfin òmìnira ìròyìn (FOI) ti fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan ló dè, ó de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ náà. Kí olùdíje fi òfin yìí kọ̀wé béèrè ìwé ìṣúná tàbí àdéhùn iṣẹ́ lọ́wọ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ alága. Alága ń lọ, alága ń bọ̀, a sì ti rí i tó ní Ọ̀ṣun. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń tọ́jú fáìlì. Ẹ̀dà méjì ni kó tẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú déètì mọ́ ìkejì kó mú un lọ sílé. Láìsí òǹtẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ka ọjọ́. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí ìwé náà bá pọ̀ jù, wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un. Bí wọn ò bá fọhùn, òfin kà á sí pé wọ́n kọ̀ ni, ẹni tó béèrè sì ní ọjọ́ 30 láti gba kóòtù lọ. Ìtanràn ẹni tó kọ̀ láìnídìí jẹ́ 500,000 náírà. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà, wọn kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe.

Ohun tó máa ń ba lẹ́tà báyìí jẹ́ kò pọ̀. Iléṣà pín sí ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tó bá lọ béèrè ti ìhín lọ́wọ́ tọ̀hún, "kì í ṣe tiwa" ni wọn yóò wí. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ pé òun fẹ́ rí gbogbo ìwé owó wọn. Akọ̀wé á ti ìyẹn sínú dúrọ́ọ̀. Ohun kan ni kó béèrè, kó dárúkọ rẹ̀: abala títì àti gọ́tà nínú ìṣúná ọdún yìí, tàbí àdéhùn kọngílá tó ṣe gọ́tà òpópónà kan pàtó, pẹ̀lú ìwé tó to sìmẹ́ǹtì, irin, yanrìn àti iye owó wọn lẹ́sẹẹsẹ.

Tí ìwé yẹn bá ti dọ́wọ́, téèpù ló kù. Bí wọ́n bá kọ mítà 200, kí ènìyàn méjì di téèpù mú, kí wọ́n wọn gígùn, ìbú àti jíjìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri gọ́tà ni kí wọ́n wò jù. Gígùn ṣòroó jí, torí gbogbo àdúgbò ló ń rí i. Kọnkéré tó yẹ kó nípọn íńṣì 6 tó wá jẹ́ 4, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti bá ibòmíràn lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ títí ògiri yóò fi wó.

Ẹ tún gbọ́ ìlérí wọn dáadáa. Títì Iléṣà sí Ifẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, gọ́tà, iná òpópónà, itẹ́ òkú àti kíkó ìdọ̀tí ni ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kó fún ìjọba ìbílẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ kì í sì í gbé iṣẹ́ fún kọngílá. Òfin àdúgbò àti ìṣúná ló ń fọwọ́ sí. Èyí tó lè ṣèlérí ni pé níjòókòó àkọ́kọ́, òun yóò dábàá pé kí ìṣúná di ohun tí wọ́n ń lẹ̀ síta.

Ní ti gbígbọ́ tará ìlú, mi ò ka gúrúùpù WhatsApp sí. Àdúrà òwúrọ̀ àti fọ́tò alága níbi òkú ṣíṣe á ti bo ẹjọ́ gọ́tà mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Rẹ́jísítà ńlá kan ní sẹkitéríàtì ló ń ṣiṣẹ́: nọ́ńbà, déètì, àdúgbò, ẹ̀ka tó kàn (wolé-wolé tàbí àwọn oníṣẹ́ títì), ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ dé, ọjọ́ tó dé gan-an. Ẹni tó fẹjọ́ sùn á gba nọ́ńbà lọ, kódà bó jẹ́ orí fóònù ló ti sọ ọ́. Lóṣooṣù, kí wọ́n lẹ ẹ̀dà ojú ewé yẹn mọ́ Ọjà Atákúnmọ́sà, láìsí orúkọ àwọn tó fẹjọ́ sùn. Ọmọ òṣómàáló ni wá. Ibi tí "ọjọ́ tó dé" bá ti ṣófo, a ó dúró tì í.

Ọ̀gá Olóòtú, bí ẹ bá fún àwọn olùdíje láàyè láti fèsì, ẹ ní kí wọ́n sọ ọjọ́ mélòó tí ẹjọ́ kan yóò fi gba èsì, àti òṣìṣẹ́ wo ni rẹ́jísítà náà yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Iléṣà.