Lẹ́tà sí Àlàní lórí "ni" àti "estas"

Tákíé,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àlàní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Jámánì ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Àwa wà ńbí, oje máńgòrò ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi tí mo fi mú bírò.

Ẹ̀rín tó o fi mí rín lọ́jọ́sí ṣì ń dùn mí. Mo kọ Esperanto, èdè àtọwọ́dá tá à ń kọ́ yẹn, sí ẹ, mo ní "mia ventro estas dolĉa", o wá ń bi mí bóyá ṣúgà ni mo gbé mì. "Inú mi dùn" ni mo rò pé mo sọ! Àṣé ikùn lásán ni mo kọ. Nígbà tó o ní "mi ĝojas" (mò ń yọ̀) ti tó, ẹnu yà mí, torí mo ti ń bu estas, ìyẹn "is" tiwọn, sí gbogbo gbólóhùn bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Àwọn tíṣà wa ló fà á. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa pé gbólóhùn tí ò ní "is" kò pé. Bẹ́ẹ̀, ìyá tó ń ta máńgòrò lẹ́nu ọ̀nà wa kì í fi nǹkan kan sáàárín: ó pọ́n, ó tóbi, ó dùn. Dídùn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Zamenhof tó gbé Esperanto jáde lọ́dún 1887 fàyè gba irú ẹ̀ náà: "la mango estas dolĉa" tọ̀nà, "la mango dolĉas" náà tọ̀nà.

Klingon, èdè tí Marc Okrand ṣe fún ẹ̀yà Klingon inú fíìmù Star Trek, ló wá mú mi dìde lórí àga. Kò ní estas rárá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé Klingon lòun, "tlhIngan jIH" ló máa wí: Klingon, èmi. Gbọ́ tiwa: "olùkọ́ ni mí." Ó kù díẹ̀ kí n pè wọ́n lọ́mọ Ajílété, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa! Àmọ́ ní tiwọn, arọ́pò-orúkọ fúnra ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ "ni".

Toki Pona, èdè àtọwọ́dá mìíràn, tàn mí jẹ ní tiẹ̀. "Kili li suwi", èso dùn. Mo ní "li" inú Bíbélì àtijọ́ rèé! Irọ́ ni. Ó tún wà nínú "soweli li moku", ẹranko ń jẹun. Ààlà ló kàn ń pa lẹ́yìn olùwà.

Bàbá mi kí ẹ. Wọ́n ní kí n bi ẹ́: tẹ́nìkan bá ní "mi estas", tó sì dákẹ́, ṣé ó wà láàyè ni, àbí ó wà nílé?

Èmi ni,
Ìṣọ̀lá