Níbo Ni Gáàsì Náà Ti Jò?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Àdó níbí ni mo ti ń ta omi tútù àti mínírà, ọdún kọkànlá rèé. Fíríìjì onílẹ̀kùn méjì kan ni mo fi ń ṣe é, òun ni mo sì fi rán ọmọ méjì nílé-ìwé. Bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ fíríìjì, ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ mi ni mò ń sọ.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, omi tí mo bá kó sí i lálẹ́ kò tutù mọ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, bẹ́ẹ̀ iná wà. Mo pe ẹni tó máa ń bá mi tún un ṣe. Ó ní gáàsì ti tán. Mo sanwó, ó fa gáàsì sí i. Kò pé oṣù kan, omi ò tún tutù mọ́. Gáàsì náà ló tún ní. Mo tún san.

Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ náà wá kí mi. Ó yọ wáyà kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fa fíríìjì kúrò lára ògiri, ó ní, "Màmá, ẹ wá wò ó."

Eruku ti bo àwọn páìpù dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ bí irun àgùntàn. Òwú alántakùn ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rá omi ń bẹ níbẹ̀, ọmọńlé kan tó ti gbẹ sì há sáàárín páìpù méjì. Ó ní ibẹ̀ ni ooru tí fíríìjì ń fà kúrò lára omi máa ń gbà jáde. Bí eruku bá dí i, àfi bí ẹni da aṣọ òfì bora lọ́sàn-án gangan: ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ á máa kùn láìsinmi, nǹkan inú ò ní tutù. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ilé la fi gbá a, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A ò tì í mọ́ ògiri mọ́. (Àwọn tuntun míì ò ní páìpù lẹ́yìn o, inú ara wọn ló wà, ẹ kàn fún wọn láyè kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn.)

Ó wá gba náírà àádọ́ta lọ́wọ́ mi, ó fi há ẹnu ilẹ̀kùn, ó tì í, ó sì fa owó náà. Lápá òkè, ó dì í mú gbọin. Nísàlẹ̀, wẹ́rẹ́ ló yọ. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti dọ̀tí, kò lẹ̀ mọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ la fi fọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, omi ti dì gbagidi.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ṣùgbọ́n gáàsì fíríìjì kì í tán bí epo mọ́tò. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yípo. Bí ó bá dín, ó jò ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó gáàsì, ẹ bi í pé, "Níbo ló ti jò?" Kó fi ibẹ̀ hàn yín, kó sì kọ́kọ́ dí i. Ká ní mo bèèrè bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ha yìnyín. Aládùúgbò mi kan gún páìpù gáàsì inú rẹ̀ báyìí, a gbọ́ "ṣíììì", fíríìjì ti lọ nìyẹn. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní R600a, tó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tuntun, sì máa ń gbaná. Ẹ pa fíríìjì, kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀.

Ti tẹlifíṣọ̀n náà ń dùn mí. Ìbàdàn yìí ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, bàbá mi a sì máa ti ilẹ̀kùn pákó tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ lálaalẹ́ kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Àbíkẹ́yìn mi fi sípíríìtì nu ojú tiwa, àbàwọ́n rẹ̀ ò kúrò dòní. Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ti tó, kí ẹ ti pa á ná. Bí ohùn bá ń jáde tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i níwájú. Bí ẹ bá rí àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́, iná ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó kú. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún ẹni tó fẹ́ kẹ́ ẹ ra ojú tuntun. Àmọ́ ẹ má tú ẹ̀yìn rẹ̀ o, pàápàá àwọn àtijọ́ oníkùn ńlá, ẹ má sì tú máíkírówéèfù. Iná ṣì lè wà nínú wọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà, ó sì lè pààyàn.

Olóòtú, ẹ dákun, ẹ fún wa ní igun kékeré kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn tó mọṣẹ́ yìí máa kọ́ wa ní Yorùbá. Ọmọ àbúrò mi ti gbà láti kọ tàkọ́kọ́. Fáànù tó jẹ́ pé ọwọ́ la fi ń tì í kó tó yí ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Olómi Tútù,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.