Àkànní, Má Tíì Kọ Orúkọ Bàbá Rẹ Sára Àwo

Ọ̀yọ́,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àkànní ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara tèmi náà le, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo kọ lẹ́tà torí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, “Màámi, mo ti gbọ́” ni wàá sọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tó wà níkùn mi lónìí kọjá bẹ́ẹ̀.

Bàbá Onígángan wá sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó gbé gángan rẹ̀ dání, ó fi àǹkárá wé e bí ẹni pọn ọmọ. Mo ní kó jókòó sórí àga, kò dá mi lóhùn. Ìloro tí òun àti bàbá rẹ máa ń jókòó sí ló lọ. Omi tí mo gbé fún un, kò mu ún. Ó ní, “Ìyá Àkànní, ọmọ wa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ lò fún àwo tuntun, pé kí n lọ máa sinmi.” Ọdún 31 ló fi lu ìlù lẹ́yìn bàbá rẹ. Ó tú aṣọ lára ìlù náà, ó fún ọ̀sán rẹ̀ mọ́ra, ó fi kọ̀ǹgọ́ pe orúkọ bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó tún un wé, ó dìde, ó lọ.

Àkànní, ta ló ń lé ọ? Mo gbọ́ pé kí Iléyá tó dé lo fẹ́ kí àwo náà jáde, pé ẹni tó fẹ́ gbé e jáde ní kí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ gàdàgbà síwájú, kí wọ́n wá fi Júníọ̀ sí i lẹ́yìn. Bàbá rẹ ò tíì lò ju ọdún méjì lọ nínú ilẹ̀.

Ìwọ náà mọ ilé Haruna Ishola, torí àwo wọn ni bàbá rẹ fi ń jí yín láàárọ̀. 1983 ni bàbá yẹn kú. Musiliu ọmọ rẹ̀ ń kọ àpàlà bọ̀, àmọ́ ó tó nǹkan bí ọdún 2000 kí “Ṣóyòyò” tó jáde, tí tọmọdé tàgbà fi ń pe orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ka ọdún tó wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá gbọ́ Musiliu mọ ilé tó ti jáde wá, síbẹ̀ ohùn ara rẹ̀ ló fi ń kọ ọ́.

Àwọn ọmọ Fela lo sì máa ń tọ́ka sí fún mi. Ó dáa, jẹ́ ká lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Fela ní pápákọ̀ òfuurufú ní 1984 tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n, Fẹ́mi ló dúró síwájú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni. Ìjókòó ti wà nílẹ̀ fún un, orúkọ ti wà nílẹ̀. Ní 1986 ló dìde kúrò níbẹ̀, ó lọ dá Positive Force tirẹ̀ sílẹ̀. Inú bàbá rẹ̀ ò dùn sí i, ó sì rí ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tó dà. Ní 2017, tó ti lé ní 50 ọdún, ó fun fèrè saxophone, ohùn kan ṣoṣo ló sì mú jáde nínú rẹ̀ fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 50 láìjá. Orúkọ Fela kọ́ ló bá a mí èémí yẹn. Made, ọmọ Fẹ́mi, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin tí Fela fúnra rẹ̀ lọ ní London. Nígbà tó ṣe àwo àkọ́kọ́ ní 2021, òun nìkan ló lu gbogbo ohun èlò inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé wàá ní wọ́n lówó, a ò lówó. Gúdúgúdú tí bàbá rẹ kọ́kọ́ rà fún ọ ṣì ń bẹ lábẹ́ ibùsùn, ẹ̀ẹ̀melòó lo lù ú?

Ti Ṣeun, àbúrò Fẹ́mi, ni mo fẹ́ kó wọ̀ ọ́ létí jù. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń kọrin níwájú ẹgbẹ́ Fela. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1997, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Egypt 80 bọ́ sí. Ǹjẹ́ ó ní káwọn àgbà lọ máa sinmi? Lekan Animashaun, tó ti ń bá Fela fun fèrè kí wọ́n tó bí Ṣeun, wà nídìí ẹgbẹ́ náà, ọmọ sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. 2008 ni àwo àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde, ọdún 11 gbáko lẹ́yìn ikú bàbá. Ìwọ ń ka oṣù!

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó dùn ọ́. Níbi òkú àgbà tó o ti kọrin ní Owódé lóṣù tó kọjá, o kí àwọn ọmọ Ọ̀pọ́múléró ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. O ní àwọn baba wọn kì í gba ọfà lẹ́yìn. Ohùn rẹ mọ́ gaara lọ́jọ́ náà, owó sì ń bọ́ lé ọ lórí. Àárín àwọn obìnrin ni mo wà. Ìyá arúgbó kan ti dìde láti ná ọ lówó. Bó ṣe gbọ́ “Ìkòyí”, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú, ó ká náírà náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi há ìgbátí ìró. Kò bínú. Ó kàn ń wò ọ́ bí ọmọ tó ṣì ilé wọ̀. Àkànní, mo bojú wolẹ̀.

Bàbá rẹ ò jẹ́ kọrin lóde ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ dé agboolé wọn. Á ra búrẹ́dì méjì, á lọ bá ìyàwó ilé tó dàgbà jù. Àwa obìnrin ilé la mọ oríkì, àwa la fi ń kí ọkọ láàárọ̀, tá a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Tó bá délé, á sọ ohun tó gbọ́ fún mi, èmi á ṣàtúnṣe, òun á máa kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn. Oríkì Ọ̀pọ́múléró wà lójú ewé kẹta. Àwọn tó ń gbọ́ ọ rò pé ohùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé yẹn ni àkísà bàbá rẹ.

Ohun tó sì kù náà nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí mo kó sí ṣọ́ọ̀bù jóná tán pẹ̀lú ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìíní 2020. Ìlù inú orin tó jóná yẹn, orí Bàbá Onígángan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà báyìí. Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti ń gbàgbé orúkọ èèyàn. Bí o bá ní kí wọ́n lọ máa sinmi, ibo lo ti fẹ́ rí i?

Ti ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé fún ọ, má tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí lọ́yà tó kà á. Ọkùnrin kan gba orin lọ́wọ́ bàbá rẹ nígbà kan, ó san owó ẹ̀ẹ̀kan, a ò tún gbúròó rẹ̀ mọ́, orin náà sì ń dún nínú mọ́tò káàkiri. Òfin ilẹ̀ wa sọ pé orin tí èèyàn ṣe ṣì jẹ́ ti àwọn ajogún rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ àti èmi àti ìwọ ni ajogún náà. Ìwọ nìkan ò lè tà á.

Sátidé tó ń bọ̀, wọ mọ́tò wálé. Mo ti ránṣẹ́ sí Bàbá Onígángan, ó ní òun á wá. Kó o tó la ẹnu, kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Gbé fóònù tó ń gba ohùn dáadáa dání, kó o gba ìlù rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti lọ ẹ̀lùbọ́ tuntun. Ìwé aláwọ̀ búlúù náà á wà lórí tábìlì. Oríkì ilé kan ló wà lójú ewé tí bàbá rẹ kọ gbẹ̀yìn, ìdajì ló kọ kí àìsàn tó gbé e dè. Èmi mọ ìyókù. Mú báírò wá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.